Odò Zio: Láti Orí Òkè Kpalimé Títí Dé Ẹnu Òkun ní Aného

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní ọjà Agoè-Assiyéyé, tí ẹ kọrí sí ọ̀nà Tsévié, ẹ kò ní pẹ́ dé Togblékopé. Ẹ ó gba orí afárá kan kọjá níbẹ̀. Odò tó ń ṣàn lábẹ́ afárá náà ni à ń pè ní Zio. Àwọn mìíràn ń pè é ní Sio. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ máa ń fà, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òjò, odò kan náà a máa kún bo oko, a máa wọ inú ilé, a sì máa gé ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Agoè-Nyivé ló ń gbé nítòsí odò yìí. À ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ tí a fi omi rẹ̀ gbìn. Iyanrìn rẹ̀ wà lára ògiri ilé ẹlòmíràn. Síbẹ̀, bí a bá béèrè ibi tí odò náà ti wá àti ibi tó ń lọ, díẹ̀ ni yóò lè dáhùn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé e láti orísun rẹ̀ títí dé ibi tí omi rẹ̀ ti ń wọ òkun. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà omi ni yóò mọ ibi tó yẹ kí òun kọ́lé sí, ibi tó yẹ kí òun dáko sí, àti bí òun yóò ṣe dáàbò bo àwọn ọmọ òun lọ́wọ́ àìsàn inú omi.

NÍBO NI ODÒ NÁÀ TI WÁ?

Zio ti orí àwọn òkè agbègbè Kpalimé wá, ní ẹkùn Plateaux. Láti ibẹ̀ ó ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù òun ìlà oòrùn. Ó gba Kpédji, ó gba Mission-Tové, ó dé Togblékopé. Lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀yìn Lomé lọ sí ìhà ìlà oòrùn. Gbogbo ìrìn rẹ̀ lé ní 170 kìlómítà.

Ẹ fi ọkàn sí ohun kan níbí. Òjò tó ń rọ̀ ní Lomé kò pọ̀. Ní ọdún kan, kì í sábà ju 900 mílímítà lọ. Èkó ń gba òjò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ etí òkun kan náà ni àwọn ìlú méjèèjì wà. Ṣùgbọ́n ní Kpalimé àti lórí àwọn òkè tó yí i ká, òjò ọdún kan a máa kọjá 1,300 mílímítà. Omi òjò yẹn ni ó ń dà sínú Zio.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún wa? Ó túmọ̀ sí pé odò lè kún ní Togblékopé nígbà tí oòrùn ń ràn ní Agoè. Òjò tó rọ̀ lórí òkè ní ìjẹta lè di omíyalé lọ́dọ̀ wa lónìí. Ẹni tó bá ń wo ojú ọ̀run orí ilé tirẹ̀ nìkan, omi yóò bá a lójijì. Ìgbà méjì ni ó yẹ kí a máa ṣọ́ra jù lọ́dún: oṣù kẹfà sí ìkeje, àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá.

Ẹ tún wo bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Orí ilẹ̀ gíga, ilẹ̀ pupa, ni Agoè-Nyivé wà. Bí a bá ń lọ sí ìhà àríwá, ilẹ̀ náà a bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ títí a ó fi dé àfonífojì Zio. Níbẹ̀ ilẹ̀ dúdú ni, ó wúwo, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ní ìgbà òjò, ó sì máa ń sán ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ dúdú yìí kò débẹ̀ lásán. Odò náà ni ó ń gbé e wá, díẹ̀díẹ̀, ní gbogbo ìgbà tó bá kún. Ibi tí odò bá ti tẹ́ ẹrẹ̀ sí, ibùsùn odò ni. Bí ó tilẹ̀ fi ọdún mẹ́wàá ṣàìdé ibẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò padà wá sùn síbẹ̀.

ÀWỌN TÓ TẸ ETÍ ODÒ NÁÀ DÓ

Àwọn Ewe ni onílẹ̀ ní agbègbè yìí. Ìtàn wọn sọ pé ìlú Notsé, ní ọ̀nà àríwá, ni wọ́n ti ṣí wá. Ọba kan tí ń jẹ́ Agokoli ni wọ́n lọ́ba níbẹ̀. Ó ni wọ́n lára, wọ́n sì sá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìn ni wọ́n fi rìn jáde, kí ẹsẹ̀ wọn lè dà bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wọ ìlú bọ̀. Ìtàn kan náà sọ pé kí àwọn baba ńlá wọn tó dé Notsé, wọ́n ti gbé ní Kétu rí. Kétu yìí ni ìlú Yorùbá tó wà ní Benin lónìí. Nítorí náà, àwa Yorùbá tí à ń gbé láàárín wọn, a kì í ṣe àjèjì pátápátá sí wọn.

Nígbà tí àwọn ará Jámánì gba ilẹ̀ yìí, wọ́n la ọ̀nà rélùwéè láti Lomé lọ sí ìhà Atakpamé kí ogun ọdún 1914 tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà náà gba Togblékopé kọjá odò. Títí di òní, ibẹ̀ ni ọ̀nà ńlá tó ti Lomé lọ sí àríwá ń gbà. Ẹrù tó ń ti èbúté Lomé lọ sí Kara, sí Dapaong àti sí Burkina Faso, orí Zio ló ń gbà kọjá.

Ní nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn, oko ni ọ̀pọ̀ ibi tí ilé wà lónìí láàárín Agoè àti odò. Lomé ń fẹ̀, ilẹ̀ ń wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń wá ibi tí owó wọn ká. Ní ọdún 2016, ìjọba sọ Agoè-Nyivé di prefecture tó dá dúró. Kọmúùnù 6 ni ó wà nínú rẹ̀ lónìí, Togblékopé, Légbassito àti Adétikopé sì wà lára wọn. Ilé ti dé etí odò báyìí. Ibi tí àwọn àgbà fi sílẹ̀ fún omi ni a ń tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan púlọ́ọ̀tì.

ODÒ TÍ KÌ Í FÚNRA RẸ̀ WỌ ÒKUN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tààrà ni Zio ń lọ wọ òkun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀sà ńlá kan tí à ń pè ní Lac Togo ni ó ń dà sí. Odò mìíràn tí ń jẹ́ Haho náà ń ti àríwá wá dà sínú ọ̀sà kan náà. Ọ̀sà yìí fẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìn. Ìyanrìn etí òkun dí i lọ́nà, kò jẹ́ kí ó bọ́ sínú òkun níwájú rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, omi rẹ̀ ń gba ọ̀sà tóóró kan lọ sí ìhà ìlà oòrùn, ó ń bá etí òkun rìn, títí ó fi dé Aného. Ibẹ̀, ní nǹkan bí 45 kìlómítà sí Lomé, ni ó ti rí ẹnu ọ̀nà wọ òkun.

Aného náà kì í ṣe ẹnu ọ̀nà Zio àti Haho nìkan. Odò Mono, tó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ àwọn Ifẹ̀ Atakpamé kọjá, ń rán lára omi rẹ̀ wá síbẹ̀ láti inú ipadò kan tí wọ́n ń pè ní Gbaga. Ṣùgbọ́n ẹnu odò Mono gan-an wà ní ilẹ̀ Benin, ní ìhà Grand-Popo.

Ẹnu odò kì í dúró sójú kan bí ẹnu ilẹ̀kùn. Nígbà tí omi bá fà, ìgbì òkun a máa kó iyanrìn dí i. Nígbà tí odò bá kún, omi a já iyanrìn náà, a sì tún ṣí ọ̀nà. Nígbà tí omi odò bá kéré, iyọ̀ òkun a máa wọ inú ọ̀sà. Nígbà tí àgbàrá bá dé, omi ọ̀sà a tún di omi tí kò níyọ̀. Ìdí nìyí tí ẹja omi tútù, ẹja òkun, edé àti akàn fi lè wà níbì kan náà. Ní etí Gbaga, igi ẹ̀gbà ń hù, àwọn tí gbòǹgbò wọn máa ń dúró lórí omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Abẹ́ gbòǹgbò yẹn ni àwọn ẹja kéékèèké ti ń sá pamọ́, tí wọ́n sì ń dàgbà. Ẹni tó bá gé igi ẹ̀gbà fi dáná, ilé ìtọ́jú ọmọ ẹja ni ó ń wó. Ní ọdún 2017, UNESCO ka ẹnu odò Mono, ní Togo àti ní Benin, mọ́ àwọn ibi tó yẹ kí gbogbo ayé bá wa dáàbò bò.

ÌTÀN TÓ WÀ LÉTÍ Ọ̀SÀ

Etí omi yìí ni orúkọ orílẹ̀-èdè wa ti wá. Ní etí Lac Togo ní ìhà àríwá, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Togo nígbà náà. Togoville ni à ń pè é lónìí. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1884, Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, bá aṣojú ọba Mlapa III ṣe àdéhùn. Láti orí ìwé àdéhùn yẹn ni orúkọ ìlú kan ti di orúkọ gbogbo ilẹ̀ náà. Baguida ni àwọn ará Jámánì kọ́kọ́ fi ṣe olú ìlú, lẹ́yìn náà Zébé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aného. Ní ọdún 1897 ni wọ́n gbé e wá sí Lomé.

Aného gbajúmọ̀ kí Lomé tó gbajúmọ̀. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó gba ojú omi wá láti ìhà Elmina ní ilẹ̀ Ghana. Àwọn Guin, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Mina, sá fún ogun ní Accra, wọ́n sì tẹ Glidji dó nítòsí rẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún òkúta mímọ́ ní Glidji. Àwọ̀ òkúta tí àwọn olórí ẹ̀sìn wọn bá mú jáde ni wọ́n fi ń mọ bí ọdún tuntun yóò ṣe rí. Bí ó bá funfun, inú gbogbo ìlú a dùn.

Ìtàn burúkú náà wà níbẹ̀. Ní Agbodrafo, láàárín ọ̀sà àti òkun, ilé kan ṣì dúró tí wọ́n ń pè ní Wood Home. Wọ́n kọ́ ọ ní ọdún 1835, nígbà tí òwò ẹrú ti di èèwọ̀ lójú òfin àwọn aláwọ̀ funfun. Wọ́n ń fi àwọn ènìyàn pamọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọn kò ti lè nàró, títí ọkọ̀ òkun yóò fi dé ní kọ̀rọ̀. Bí ẹ bá dé Agbodrafo, ẹ lọ wò ó. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dání.

OHUN TÍ ỌWỌ́ ÈNÌYÀN TI YÍ PADÀ

Iyanrìn ni oúnjẹ etí òkun. Odò ni ó ń gbé e wá, ìgbì sì ń kó o láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn láìsinmi. Ní ọdún 1965, wọ́n parí ìdídò Akosombo lórí odò Volta ní Ghana. Láti ìgbà náà, púpọ̀ nínú iyanrìn Volta kò dé òkun mọ́. Ní ọdún 1968, wọ́n ṣí èbúté Lomé. Ògiri òkúta rẹ̀ tó wọ inú òkun dá iyanrìn dúró. Ilẹ̀ ń pọ̀ sí i ní ìhà ìwọ̀ oòrùn èbúté, ṣùgbọ́n òkun ń jẹ ilẹ̀ ní ìhà ìlà oòrùn, láti Baguida títí dé Aného. Ilé, oko àgbọn àti apá kan títì àtijọ́ ti lọ sínú omi. Ní ọdún 1987, wọ́n parí ìdídò Nangbéto lórí odò Mono. Ó fún Togo àti Benin ní iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ó yí bí omi ṣe ń wá sí ìsàlẹ̀ padà.

Ní ọdún 2011, ìjọba ka wíwa iyanrìn etí òkun léèwọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kíkọ́ kò dúró. Àwọn oníyanrìn yíjú sí inú ilẹ̀, wọ́n sì dé àfonífojì Zio. Bí wọ́n bá wa iyanrìn lẹ́bàá bèbè odò, bèbè a ya lulẹ̀, kòtò a sì ṣẹ́kù. Omi a dúró sínú kòtò náà, ẹ̀fọn a yé sí i, ọmọdé sì lè bọ́ sínú rẹ̀. Òwò iyanrìn ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí wọ́n jìnnà sí bèbè odò àti sí afárá, kí wọ́n sì dí kòtò tí wọ́n bá wà tán.

NÍGBÀ TÍ ODÒ BÁ KÚN

Omíyalé ṣẹlẹ̀ ní Togo ní ọdún 2007, 2008 àti 2010. Ti ọdún 2008 ni ọ̀pọ̀ kò lè gbàgbé. Àgbàrá ba àwọn afárá jẹ́ lórí ọ̀nà àríwá, ti Togblékopé àti ti Amakpapé wà lára wọn. Ọkọ̀ ẹrù tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Oúnjẹ tó ń ti àríwá bọ̀ kò dé Lomé bí ó ti yẹ, ẹrù èbúté kò sì lè gòkè. Ẹ wo bí odò kan ṣe lè dí ọ̀nà oúnjẹ gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. A kò lè dá odò dúró, ṣùgbọ́n a lè múra sílẹ̀ dè é. Ẹ jẹ́ kí a ṣe báyìí:

1. Kí ẹ tó ra ilẹ̀, ẹ lọ wò ó ní oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹwàá, kì í ṣe ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò ibi tí omi dé ní ọdún 2008 àti 2010. Ẹ wo ara ògiri àti ara igi, omi a máa fi àmì sílẹ̀.

2. Ẹ má ṣe kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi, ẹ má sì da pàǹtí sí gọ́tà. Pàǹtí tí ẹ dà lónìí ni yóò dá omi padà sínú yàrá yín lọ́la.

3. Ẹgbẹ́ Croix-Rouge ti ri òpó aláwọ̀ mọ́ etí omi ní àwọn abúlé kan. Bí omi bá wà ní àwọ̀ ewé, kò sí ewu. Bí ó bá dé àwọ̀ ìyeyè, ẹ di ẹrù. Bí ó bá dé àwọ̀ pupa, ẹ kúrò níbẹ̀ lọ́gán. Bí kò bá sí òpó ní àdúgbò yín, ẹ lè fi ọ̀dà kun igi líle kan fúnra yín, kí ẹ yan ẹni tí yóò máa wò ó.

4. Ẹ fi ìwé ìbí, káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ilẹ̀ sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ so ó kọ́ sókè.

5. Ẹ má ṣe rìn nínú omi tó ń sáré, ẹ má sì gun alùpùpù wọ inú rẹ̀. Omi tó kan orúnkún lè gbé àgbàlagbà lọ.

OKO ẸSẸ̀ ODÒ

Ilẹ̀ dúdú àfonífojì Zio dára fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní Mission-Tové, àwọn ará Ṣáínà bá ìjọba ṣètò oko ìrẹsì tí a ń fa omi odò sí ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Títí di òní, ìrẹsì ibẹ̀ ń dé ọjà Lomé. Ní ibòmíràn lẹ́bàá odò, àwọn àgbẹ̀ ń gbin àgbàdo, tòmáàtì, ata, ilá àti ẹ̀fọ́.

Nílé wa, àwọn baba wa mọ àkùrọ̀ dáadáa. Nígbà tí omi bá fà tán lẹ́yìn òjò oṣù kẹwàá ni kí ẹ gbin nǹkan sí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀, nítorí ọ̀rinrin á ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ègé àti àgbàdo àkọ́gbìn sí ilẹ̀ gíga. Ẹ má ṣe ro oko dé ojú omi gan-an. Ẹ fi koríko àti igi sílẹ̀ ní ẹ̀bá odò, kí ó fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá. Gbòǹgbò wọn ni yóò di bèbè mú. Àwọn náà ni yóò sẹ́ ẹrẹ̀ àti ajílẹ̀ kí wọ́n má bàa wọ inú odò.

Ẹ má ṣe fọ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fọ́n oògùn kòkòrò sínú odò. Omi tó ti ọwọ́ yín kọjá yóò dé Lac Togo, inú ọ̀sà yẹn sì ni ẹja tí ẹ ó rà ní ọjà lọ́la ti ń mu omi. Ajílẹ̀ àti ìdọ̀tí tó bá wọ inú ọ̀sà náà ni ó ń jẹ́ kí ojú oró pọ̀, tí ọkọ̀ apẹja kò fi ní rí ọ̀nà kọjá.

OMI ÀTI ÌLERA

Bí omi bá bo ilẹ̀, ó máa ń gbé ìgbẹ́ inú ṣáláńgá dà sínú kànga. Ibẹ̀ ni onígbáméjì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga, ó kéré tán 30 mítà. Kí ẹnu kànga ga, kí ó sì ní ìdérí. Lẹ́yìn omíyalé, ẹ má ṣe mu omi kànga láìsè é kí ó hó. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí ẹ tó jẹun.

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ ń tán, ohun tó sì ń pa á nìyẹn. Ẹ po omi tó mọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí kékeré 6 tí a rẹ́ lójú, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.

Nínú omi tí kò sáré, àti nínú oko ìrẹsì, ìgbín kéékèèké máa ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Kòkòrò yìí ń gba ara wọlé nígbà tí a bá wẹ̀ tàbí tí a bá dúró sínú omi. Bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé ó ti ń dàgbà. Àìsàn ni, oògùn rẹ̀ sì wà ní ilé ìwòsàn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má ṣe tọ̀ sínú odò, nítorí ọ̀nà yẹn ni kòkòrò náà ń gbà padà sára ìgbín.

Ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe. Sòbìà ti da ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Togo jókòó sílé rí. Kò sí abẹ́rẹ́ tí a fi lé e lọ. Sísẹ́ omi pẹ̀lú aṣọ, àti kíkọ̀ láti jẹ́ kí ẹni tó ní sòbìà wọ inú omi mímu, ni a fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ní ọdún 2011, àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán ní Togo. Àwọn ará abúlé ló ṣe iṣẹ́ náà.

Zio so àgbẹ̀ Kpalimé mọ́ onílé Togblékopé, ó sì so àwọn méjèèjì mọ́ apẹja Aného. Igi tí a gé lókè, iyanrìn tí a wà láàárín, pàǹtí tí a dà sí gọ́tà Agoè, gbogbo rẹ̀ ni yóò dé ìsàlẹ̀. Omi ti sọ wá di ará ilé kan náà. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣe bí ará ilé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló dé tí Zio fi lè kún ní Togblékopé nígbà tí òjò kò rọ̀ ní Agoè?
2. Níbo ni omi Zio ti ń wọ òkun? Ọ̀nà wo ni ó gbà débẹ̀?
3. Ibo ni omi dé ní àdúgbò yín ní ọdún 2008 àti 2010? Ẹ lọ bi àwọn àgbà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.
4. Ta ni ó yẹ kí ó máa ṣọ́ omi ní àdúgbò yín, báwo ni yóò sì ṣe kéde fún àwọn yòókù?